Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Àwẹ̀ró Mí

Déolú, ọmọ àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ ní Jámánì. Àlàáfíà la wà ní ìlú Tucker níbí. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ní lo ọ̀pá.

O ní ojú ihò kékeré ni róbọ́ọ̀tì gbà ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Àwẹ̀ró, ìyá rẹ. Mo dúpẹ́. O ní kò lè sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ṣìkẹ́mi ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò lọ síṣẹ́. Ó wọn BP mi, ó tún un wọ̀n. Pásítọ̀ kó àwọn ìyá ìjọ wá. Wọ́n ní, “Mummy, ṣé ẹ ti jẹun?” Wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ láìsọ ohun tó gbé wọn wá.

Báyẹn la ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá fẹ́ túfọ̀ fún àgbà. Mo mọ̀ ọ́n.

O ti sọ pé ẹ̀rọ pọ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ lọ́sibítù yẹn. Nítorí náà, bí Àwẹ̀ró bá ṣì ń mí, ìwọ fúnra rẹ gbé fóònù sí i létí, kí n ki oríkì rẹ̀ fún un. Bí kò bá sí mọ́, èmi ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, o ò ní sin ọmọ.

Mo ti jẹun. Mo ti lo oògùn BP mi. Pè mí.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró.