Ìwé Tí Mo Dá Lẹ́bi Láì Kà Á

Oko Ọba, Agége.
Ọjọ́ Àìkú.

Fatimah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni àgbàlagbà ṣe ń bẹ ọmọdé láì fi ọjọ́ orí bo ẹ̀bi rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo kí ọ, mo kí màmá rẹ. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì ti lọ. Ara tèmi le; ojú ló ń tì mí.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí màmá rẹ gbé ìwé tó bá lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ wá sí àsálátù, àdúà ọjọ́ Àìkú wa; ìtàn àwọn ọmọ yunifásítì tó wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ó nà án sí mi lójú gbogbo jàmáà, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ kàwé jù nínú wa. Ṣé ó yẹ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún?" Mo wo agbárí tó wà lára èèpo ìwé náà, mo yí i sẹ́yìn, mo ní kò yẹ rárá.

Ìwọ nìkan lo kúnlẹ̀ bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti kà á?" N kò tíì ka ojú ewé kan. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìwé kíkà?" Ùsmán tó ń pa màlúù sì dáhùn pé, "Ẹ rọra o, olórí ẹgbẹ́ wọn nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè ọ́ títí di òní.

Èyí tó dùn mí jù ni pé màmá rẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ó ní ọmọ tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní lọ sí yunifásítì, òun kò ní jẹ́ kí o forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ sì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí.

Èmi ni wọ́n ní kí n sun ìwé náà. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ n'Ìkẹjà, mo kà á ní sítọ́ọ̀, láàárín àwọn páálí bisikíìtì, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò ní purọ́: n kò ní fún ọmọ ọdún mọ́kànlá kà. Níbi tí wọ́n ti na ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí nínú igbó, mo pa ìwé dé, mo bo oúnjẹ mi. Bóyá aṣọ wọn àti ìbúra wọn tilẹ̀ dùn mọ́ òǹkọ̀wé náà jù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi agbára mú ọmọ náà wọ ẹgbẹ́. Ebi pa á, wọ́n fún un ní ìrẹsì. Ibà dá a dùbúlẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Àwa àgbà máa ń ní kí ẹ sá fún ẹgbẹ́ òkùnkùn. A kò sọ fún yín rí pé ó lè gbé abọ́ oúnjẹ wá. Ta ló yẹ kó ka èyí bí kò ṣe ẹni tó ń múra àtilọ?

Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé n kò kà á. Kí wọ́n má baà sọ pé alákọ̀wé àdúgbò kò mọ nǹkan, ìwọ ni mo fi rúbọ. Dárí jì mí.

Lónìí, lẹ́yìn àdúà, màá dìde níwájú àwọn kan náà, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Màá sì bẹ màmá rẹ nítorí JAMB. N kò mọ̀ bóyá yóò gbà.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lóye ju tèmi lọ, kí ibi tí o bá lọ gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Àmín.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ, ẹni tó ṣẹ̀ ọ́,
Abdulkabir.

Àfikún: N kò sun ìwé náà. Ó wà nínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Má fi pamọ́. Bí màmá rẹ bá béèrè, sọ pé èmi ni mo fún ọ. Wọ́n ti pe ìrun Àsùbáà, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Mo ti pa àtùpà.