Ẹ̀rọ Ìlọta Màmá Kì í Ṣe Ti Bùọ̀dá Ràfíù

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú òtútù ibí yìí. Fátì àbúrò mi ńkọ́? Gbogbo ará Adìgbè ńkọ́? Ẹ má bínú, n kò kí Bùọ̀dá Ràfíù.

Ibi tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù ni lẹ́tà Fátì ti bá mi. Ó ní akódà kóòtù wá sílé nítorí sìmẹ́ńtì tí Bùọ̀dá gbà láwìn ní Owódé, tí kò san, tí adájọ́ sì ti dá a lẹ́bi. Ó ní bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé rédíò àti àga tìmùtìmù rẹ̀, ni ọkùnrin gìrìwò yìí bá sáré wọ yàrá, ó mú risíìtì ẹ̀rọ ìlọta yín jáde, ó ní tòun ni, kí wọ́n gbé ìyẹn. Wọ́n sì gbé e.

Èmi àti ẹ̀yin la mọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe dórí risíìtì yẹn. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tó ta ẹ̀rọ kọ orúkọ àkọ́bí yín ọkùnrin, káyé má baà ní obìnrin ló ń ra ẹ̀rọ nílé tí ọkùnrin wà. Owó aṣọ fífọ̀ mi àti owó tí ẹ dá jọ la fi rà á. Iṣẹ́ tí Bùọ̀dá ṣe níbẹ̀ ò ju pé ó wọ agbádá, ó dúró tì í, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Kò ra epo sí i lẹ́ẹ̀kan rí.

Mo bi lọ́yà ọmọ Ẹ̀gbá kan níbí. Ó ní òfin ò gbà kí wọ́n fi ẹrù yín san gbèsè ẹlòmíràn. Kí ẹ tètè kọ̀wé sí kóòtù pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kí wọ́n má tà á títí adájọ́ á fi gbọ́ tẹnu yín. Ó ní adájọ́ á wo ẹni tó sanwó àti ẹni tó ń lò ó, kì í ṣe risíìtì nìkan. Lẹ́tà tí ẹ ní kí Fátì kọ sí mi lọ́jọ́ tí ẹ rà á nìyí, mo fi sínú èyí. Ẹ̀yin lẹ sọ níbẹ̀ pé ẹ ti ra ẹ̀rọ yín.

Fátì ní ẹ kò fẹ́ lọ. Ẹ ní ojú ń tì yín láti pe ọmọ yín ní òpùrọ́ níwájú adájọ́. Ojú ń ti ẹ̀yin! Ojú ò ti ẹni tó fa oúnjẹ ìyá rẹ̀ lé akódà lọ́wọ́ kó lè máa gbọ́ rédíò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde. Mo ti pè é ní òpùrọ́ ṣáájú yín, kò sí nǹkan tí ẹ ó máa bò fún un mọ́. Kó jókòó sórí àga rẹ̀ kó kà á.

Bí adájọ́ bá bi yín pé ta ló ni ẹ̀rọ, Màmá, ẹ má wo ojú Ràfíù kí ẹ tó dáhùn. Ẹ na ọwọ́ yín tí ata ti bó síta kó rí i, kí ẹ sì ní ẹ̀yin ni.

Ọlọ́run Ọba á dá yín sí, á jẹ́ kí ẹ jèrè èmi àti Fátì. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí ẹni tó ń ta epo fún yín, kó bá yín lọ jẹ́rìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù