Apá Sódìq

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún 2025
Bàṣírátù gbé Sódìq ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìlera wa lónìí, láti abà kan lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọmọ oṣù mọ́kànlá ni. Mo fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí a fi ń mọ ọmọ tó rù wọn apá rẹ̀ – yẹ́lò, ó ku díẹ̀ kó wọ pupa. Tó bá wọ pupa, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu; àwọ̀ ewé ni ti ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Mo ní kó nu omijé nù. Kí wọ́n yan sóyà àti ẹ̀pà, kí wọ́n pò ó mọ́ àgbàdo rírẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣe é bí ògì. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ wá, mi orí pé àwọn ti gbọ́. Ìyá Samsudeen ni gbogbo ayé ń pè wọ́n; nínú ìwé tèmi, Gómìnà. Àwọn ló ń pàṣẹ ilé ìdáná.

Mo mọ iṣẹ́ mi. Ọmọ yìí á sanra.

Ọjọ́bọ̀, 15
Bàṣírátù ní ọmọ ń mu ún tán. Mo ti wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 26
Apá tún rù sí i! Inú bí mi. Mo ní irọ́ ni Bàṣírátù ń pa, kò fún ọmọ rárá. Ó búra. Mi ò gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27
Mo yọ sí wọn nílé. Gómìnà wà nídìí ìkòkò, asẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń sẹ́ ẹ. Sóyà, ẹ̀pà – gbogbo rẹ̀ kù sínú eèrí, eèrí di ti ewúrẹ́. Àwọn ewúrẹ́ ń dán! Omi funfun ni Sódìq ń mu. Mo fẹ́ pariwo. Gómìnà ní ṣebí èmi ni mo ní kí àwọn ṣe é bí ògì, ta ní í ṣe ògì tí kì í sẹ́ ẹ?

Ẹnu mi yìí ni. Mo bẹ Bàṣírátù lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ báyìí, kí asẹ́ má ṣe kàn án.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà
Sódìq já téèpù gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ wo agbára!

Ọjọ́ Ajé, 23
Àwọ̀ ewé! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n. Bàṣírátù jó, èmi náà jó. Gómìnà ò jó. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní àwọn bí ọmọ méjì ṣáájú Samsudeen. Ara àwọn ọmọ náà ń gbẹ ni, títí wọ́n fi lọ. Ògì tí àwọn sẹ́ dáadáa, tó kúnná, ni àwọn fún wọn, torí àwọn fẹ́ràn wọn. Wọ́n bi mí bóyá ohun tó pa wọ́n nìyẹn.

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nígbà náà. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ làwọn bi mí.