Páálí Tó Ń Rú Èéfín

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti ṣí páálí purotéènì wa ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road. Purotéènì yìí ló ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ dàgbà fún ìwádìí wa, ooru sì máa ń bà á jẹ́. Ìgò kan ṣoṣo tó wà nínú páálí náà la ní.

Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Dókítà, èéfín ń rú níbẹ̀ o! Mo ṣí i kó má baà gbiná."

Yìnyín gbígbẹ tí wọ́n kó sínú páálí kó lè máa tutù ló ń rú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iná.

Màmá mi máa ń ta yìnyín ní Amukoko nígbà tá a wà lọ́mọdé. Tá a bá ṣí kúlà rẹ̀ wò, á ní, "Ṣé ojú lẹ fi ń mumi ni?" Ó wù mí kí n tún gbọ́ ohùn yẹn.

Mo ti gbé ìgò náà dé yàrá ìwádìí, mo sì ti kán purotéènì náà sára sẹ́ẹ̀lì. Bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, a ò tíì mọ̀.