Kóòṣì Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Mi

Èmi, Ardelia Vance Crutcher, opó Wiley Crutcher, tí mo ń gbé ní Port Gibson ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé ìhágún yìí fún akọ̀wé tó kọ ọ́. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé. Ẹni tó bá ní i lọ́kàn láti sọ lẹ́yìn ikú mi pé arúgbó ti ń ṣarán, kó wá sọ ọ́ lójú mi báyìí, mo ṣì wà níbí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

Ìkíní. Odessa, ọmọ ọmọ mi, ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi. N kò yan bàbá rẹ̀, Pásítọ̀ Harlan, ọmọ mi kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó ti ra kẹrosíìnì sílé kò ṣeé fi ṣọ́ koríko gbígbẹ.

Ìkejì. Ìbaaka mi di ti Gus Tarpley, aládùúgbò mi, tó jẹ́ aláwàdà àgbà nínú ẹgbẹ́ eléré wa nígbà tí à ń ti ìlú dé ìlú ṣeré fún àwọn òyìnbó. Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí oòrùn tó ga.

Ìkẹta. Fèrè idẹ Wiley di ti Odessa. Mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń fọn ún lẹ́yìn abà nígbà tí bàbá rẹ̀ bá lọ sí ìpàdé àdúrà. Ètè Wiley ni ọmọ yẹn gbé wáyé, kí ó má fi fèrè náà pamọ́ sínú àpótí.

Ìkẹrin. Ilé mi àti ilẹ̀ tó yí i ká di ti Harlan. Mo fẹ́ràn ọmọ mi, ìbínú kò pa ìyẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n kóòṣì ọkọ̀ ojú irin tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí ẹgbẹ́ wa ń sùn nínú rẹ̀ láti ìlú dé ìlú nígbà tí kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba aláwọ̀ dúdú, ti Odessa ni. Alàgbà ìjọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn alàgbà ìjọ rẹ̀ ti sọ fún Harlan pé òkú mi kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí kò bá kọ́kọ́ sun kóòṣì náà, nítorí eré tí a fi ṣe. Ó wá bá mi ní kíṣìnì lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa ń fi èédú kun ojú yín dúdú sí i lórí ìtàgé kí àwọn òyìnbó lè máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí.” Mo gbé páì ọ̀dùnkún fún un. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá kí ojú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Ó dáa. Harlan, gbọ́ ohun tí bàbá rẹ kò lè sọ fún ọ títí ó fi kú.

Ní ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó wa, a dé ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, kí ó má ba ìwé mi jẹ́. Lọ́sàn-án, a tò la àárín ìlú kọjá pẹ̀lú fèrè àti ìlù, bí gbogbo ẹgbẹ́ eléré ṣe máa ń ṣe kí èrò lè wá wòran lálẹ́. Wiley ló wà níwájú. Òyìnbó kan da kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ kọ ọ́, ó ní kí ó bọ́ sínú kòtò. Wiley kò bọ́. Ó fọn orin rẹ̀ parí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òyìnbó ti ń gbé okùn bọ̀ níbi tí kóòṣì wa wà ní ojú irin, láti wá so ó rọ̀.

Ihò kan wà lábẹ́ pákó kóòṣì náà. Ikùn là ń pè é, ibẹ̀ là ń kó ìyẹ̀fun àgbàdo àti ẹran oníyọ̀ sí. A tẹ́ Wiley síbẹ̀, a pa pákó dé. Gus wá ké mọ́ wa pé, “Ẹ kunra! Ẹ kunra kíá, ẹ jẹ́ ká dá àwọn ọ̀gá lára yá!” A kun ojú, a sì ń jó lórí èèyàn. Èmi ṣe bí ọ̀mùtí, mo ṣubú sórí pákó yẹn gan-an, n kò sì dìde mọ́. Àwọn òyìnbó náà wọlé, wọ́n tú ibùsùn, wọ́n tú àpótí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Obìnrin yìí mà ya wèrè o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbé okùn wọn lọ.

Ẹ̀rín tó ń tì ọ́ lójú nìyẹn. Ká ní a kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni, ìwọ ì bá má ní bàbá. Mo kórìíra èédú yẹn, mo sì ti sunkún nígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́ kúrò lójú. Síbẹ̀, n kò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ìkarùn-ún. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fún láṣẹ láti sun kóòṣì náà, Harlan ni. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ nínú ikùn yẹn, kí Odessa pa pákó dé e, kí Gus sì jó orin kan lórí rẹ̀, bí orúnkún tilẹ̀ ń dùn ún. Bí ó bá jáde tí ó ṣì fẹ́ sun ún, ìṣáná wà lórí sítóòfù. Kí ẹnikẹ́ni má dì í lọ́wọ́ mú.

Ìkẹfà. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá gbà mí, ó dára. Bí wọn kò bá gbà mí, inú kóòṣì ni kí ẹ ti gbé mi jáde. Èyí tó wù kí ó jẹ́, ọ̀sán gangan ni kí ẹ gbé mi gba ojú títì ńlá, iwájú ilé ẹjọ́, kí Odessa máa fọn fèrè níwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá da ọkọ̀ rẹ̀ kọ yín, ẹ má bọ́ sínú kòtò. Ẹ fọn orin náà parí.

Mo fọwọ́ ara mi sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1931.

Ardelia Vance Crutcher

Àwọn ẹlẹ́rìí: Idabel Roquemore, olùkọ́, Thaddeus Minter, onígbàjámọ̀.

Gus Tarpley náà fẹ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n èmi akọ̀wé sọ fún un pé ẹni tó jogún ìbaaka kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Gus ní kò burú, òun ti fi ẹsẹ̀ jẹ́rìí tipẹ́.