Píkọ́ọ̀pù Tí Bàbá Kẹ́míìsì Tà Fún Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Bẹ́ẹ̀dì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ṣíbí kan ṣoṣo? Ní tèmi, ara le. Ẹnu nìkan ló ń ro mí, torí mo ti fi bú èèyàn púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Jókòó kí o tó ka èyí.

Mo ti ra ọkọ̀. Má tíì fò sókè. Píkọ́ọ̀pù ni, ó sì dàgbà jù ọ́ lọ. O mọ̀ pé ó ti sú mi kí n kan bẹ́ẹ̀dì tán, kí n tún máa bẹ ọlọ́kọ̀ bí ẹni ń tọrọ ọmọ. Bàbá Kẹ́míìsì, àgbàlagbà tó ń ta oògùn ní ìkóríta wa, ló tà á fún mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú ló ni ín, pé jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń wà á, àti pé nínú gbogbo àwọn tó gbé, kò sẹ́ni tó ṣàròyé rí. Èmi ọlọ́gbọ́n ń mi orí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tiẹ̀ ní irin gbọọrọ méjì tí wọ́n jó mọ́ ọn, tó gba bẹ́ẹ̀dì mi gẹ́lẹ́. Mo ní orí mi ló bá mi ṣe é.

Okùn la fi fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Ó-Ku-Díẹ̀, torí gbogbo ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ku díẹ̀ kó parí láti èṣín. Mo gbé àga lọ, mo jókòó tì í. Radiétọ̀ ń jò bí asẹ́, bírèkì ò mú, ilẹ̀ ọkọ̀ ti dípẹtà débi pé mo lè jókòó níwájú kí n fẹsẹ̀ tẹ títì. Ó ní púlọ́ọ̀gì tuntun lòun fi sí i. Mo fi ìka ra á, èéfín àtijọ́ ló yí mi lọ́wọ́. Mo pè é lólè níwájú ìyàwó ẹ̀. Kò jiyàn, ó lọ mú tuntun jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀ ọkọ̀, èmi fúnra mi ni mo fi pátákó kàn án. Lọ́jọ́ tó jí, ó wúkọ́, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó tu èéfín sí Ó-Ku-Díẹ̀ lójú. Inú mi dùn sí méjèèjì.

Mo kùn ún ní pupa, mo gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ Ìyá Aláṣọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó sí i. Bí mo ṣe ń lọ, àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà. Mo rò pé wọ́n ń kí mi kú oríire ni, èmi náà ń juwọ́ bí olorì. Ìyá Aláṣọ rí mi lókèèrè, ó ti géètì. Ó ní, “Ọmọ mi ò ní sùn lórí ohun tí ọkọ̀ òkú gbé wá.”

Àṣé kápẹ́ńtà pósí ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Kẹ́míìsì, píkọ́ọ̀pù yìí ló sì fi ń gbé òkú lọ sí ibojì! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àfi èmi àlejò tó lójú tí kò fi ríran. Bí ìyá ìyàwó kan bá sì kọ bẹ́ẹ̀dì mi padà, ìyá ìyàwó wo ló tún máa rà á? Ṣọ́ọ̀bù mi kógbá wọlé nìyẹn.

Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá, mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ àti àgbà òṣìkà. Ohun tó sọ ni pé, “Ṣé o bi mí ni?”

Mo ní kò burú. Mo páàkì ọkọ̀ náà síwájú kẹ́míìsì ẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ kalẹ̀, mo jókòó, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ẹni tó bá ń wúkọ́ bọ̀, tó bá ti rí ọkọ̀, ikọ́ á dá, á yí padà. Obìnrin kan tiẹ̀ bi Bàbá bóyá ẹni tí oògùn ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ fún ni ọkọ̀ yẹn ń dúró dè. Nígbà tó di ọ̀sán, Bàbá jáde wá, ó ń pè mí lọ́mọ òun, ó ní kí ni mo fẹ́.

Mo ní, “Ara yín ni mo fẹ́ yá, Bàbá. Ẹ gun orí bẹ́ẹ̀dì.”

O ò mọ bàbá yìí. Kì í sùn lọ́sàn-án, ẹ̀rù ń bà á pé òun lè má jí. Òun ni mo gbé ka orí fóòmù lẹ́yìn ọkọ̀, kí gbogbo ayé rí i pé alààyè ń wọ̀ ọ́. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan ni mo ń pariwo pé, “Ẹ juwọ́, Bàbá! Ẹ mira dáadáa!” Ó ń juwọ́, àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé wa. Mi ò mọ ìgbà tó ṣíwọ́.

Géètì Ìyá Aláṣọ ni mo dé kí n tó wẹ̀yìn. Bàbá ti nà gbalaja, ó káwọ́ lé àyà, ojú dì pátápátá. Ìyá Aláṣọ káwọ́ lérí.

Bàbá bá hanrun. Àbúrò mi, irú ìhanrun yẹn, ajá sá.

Ìyá Aláṣọ sún mọ́ ọn, ó tẹ fóòmù náà wò lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ wò lápá òsì. Ó ní, “Bàbá tí kì í pajú dé lọ́sàn-án? Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn wọlé fún mi. Ẹ jí Bàbá ná.”

Ọ̀tọ̀ ni bẹ́ẹ̀dì tí Bàbá náà wá rà ní àná. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá ọmọlanke fi gbé e, kí n má gbé píkọ́ọ̀pù yẹn wá sílé òun. Òun tó tà á fún mi! Ọ̀la ni mo máa gbé e lọ, píkọ́ọ̀pù náà ni mo sì máa fi gbé e, pẹ̀lú iná iwájú ní títàn lọ́sàn-án gangan.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì ra ṣíbí kejì fún àwọn ọmọ yẹn. Sọ fún Ìyá wa pé mo ti di ọlọ́kọ̀, mo ń bọ̀ wá fi gbé wọn jáde. Ohun tí ọkọ̀ náà ń gbé tẹ́lẹ̀, bí wọn ò bá bi ọ́, má sọ.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbà fún wọn,
                                        Àǹtí Oníbẹ́ẹ̀dì.