Alhaji Mọ̀núrù Àrẹ̀mú Tìjání (1947–1998), Ẹni Tó Pín Iṣẹ́ Fáànù Dọ́gba

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fáànù tí ẹ wá bá wa ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ yìí, àwa agboolé Tìjání kí yín kú ìrọ́jú. Ọdún 1947 ni a bí ọmọ wa, Mọ̀núrù Àrẹ̀mú, nínú agboolé yìí. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Bùsàrí Tìjání, ń ránṣọ ní Ìdúmọ̀tà, ó sì ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Ìyá rẹ̀, Àdìjátù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń ta òwú àti bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Alágídí ọmọ ni láti kékeré. Bó bá ti dáwọ́ lé nǹkan, kí ẹni tó fẹ́ dá a dúró yáa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ó parí Kùránì kó tó parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn. Ní 1974, ó fẹ́ ìyàwó wa, Àmúdàtù, tíṣà tí ẹnu rẹ̀ mú ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, Ọlọ́hun sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 1986, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí ìlú òyìnbó. Ọgbọ́n tuntun kan tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ló kó bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù kan tí kò ríbi wọ̀ ọ́ ní Èkó.

Ní ọdún 1988, ó di ọ̀gá àwọn tó ń to fáànù ní ilé iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Gbénga Dáfídì, lẹ́yìn Pópó Àgùdà. Inú páálí ni ẹ̀yà fáànù ti ń wá láti òkè òkun. Àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó ní ìlà gígùn, oníkálukú á so tirẹ̀ mọ́ ọn, á sì tì í sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn kan pọ̀, tàwọn mìíràn kéré. Fáànù á kó jọ síwájú ẹnì kan, ẹni tó jókòó tì í á káwọ́ gbera.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, Ọ̀gbẹ́ni Dáfídì pè é. Nǹkan ti le, fáànù tó ń jáde lójúmọ́ kò sì tó. Ó fẹ́ dá òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá dúró lẹ́nu iṣẹ́, abiyamọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ wa ní: “Ẹ fún mi lóṣù mẹ́ta, sà. Bí mi ò bá rí i ṣe, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé.” Nígbà tí a gbọ́ nílé, a ń bi ara wa léèrè. Ta ló ń fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dúró fún ọmọ ẹlòmíràn? Àrẹ̀mú ni.

Ọ̀nà tí a lè gbà pín iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí orí èèyàn lè gbà. Ni ó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì, ní gbogbo Sátidé. Ó ní kí ẹ̀rọ náà hùmọ̀ ọ̀pọ̀ ètò bó ṣe wù ú, kó da èyí tí iṣẹ́ ti ń kó jọ nù, kó sì mú àwọn tó dára ní méjì méjì kí wọ́n bí ètò tuntun. Ọmọ á mú díẹ̀ lára bàbá, á mú díẹ̀ lára ìyá. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á ṣàdédé yí ibì kan padà lára ọmọ náà, bóyá ire á tibẹ̀ jáde. Ètò ọmọ tó bá ní kí wọ́n de ìbòrí fáànù kí wáyà tó wọlé, á lé e dànù. Ìran á tẹ̀ lé ìran, á sì máa dára sí i. Ẹni tó ń sin àgbò ní Èkó yìí kò ní bi wá pé báwo: àgbò tó dára là ń fi ṣe ìran. Iná á lọ, gbogbo ìran náà á pòórá, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní oṣù kejì nínú mẹ́ta náà, wọ́n fi ètò náà ṣiṣẹ́. Láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, fáànù ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Ọmọ wa yẹ ohun tó kọ sínú kọ̀ǹpútà wò títí, kò rí àṣìṣe. Kò jẹun dáadáa mọ́, oṣù mẹ́ta sì ń tán lọ. Níbi oúnjẹ ni ìyàwó wa ti bi í pé: “Bàbá Haleem, níbo lẹ̀yin fúnra yín máa ń wà láago méjì ọjọ́ Jímọ̀?” Mọ́ṣáláṣí ni. Ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlà ìrun lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ àlùfáà, tí kì í pa Jímọ̀ jẹ, gbàgbé láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé Jímọ̀ wà! A fi í ṣẹ̀sín títí, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti dìde nídìí oúnjẹ.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń wọn ètò kọ̀ọ̀kan: bí gbogbo èèyàn bá pé, àti bí àwọn tó ń kírun bá lọ. Èyí tó bá ṣubú níbì kan, ó dà á nù. Olúkúlùkù sì ní láti mọ iṣẹ́ ẹni tó jókòó tì í. Ìyá Rónkẹ́, tó ti ń de apá fáànù tipẹ́, fárígá: “Ẹnjiníà, ṣé kọ̀ǹpútà yín ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?” Ó dá a lóhùn: “Rárá o, Ìyá Rónkẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ aládùúgbò yín.” Ìyá Rónkẹ́ kọ́ ọ. Àwọn Kristẹni ń di ìlà mú ní ọ̀sán Jímọ̀, àwọn Mùsùlùmí ń dì í mú ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kí àwọn yẹn lè tètè dé ìpàdé ìjọ wọn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Ọ̀gbẹ́ni Dáfídì wo fáànù tó kún ilé ìkẹ́rù, ó ní: “Ẹnjiníà, you don win! Kí ẹnikẹ́ni má lọ.”

Ó ṣe Háájì ní 1994. Láti 1995, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tilẹ̀ fẹ́ tún bí a ṣe ń pín oúnjẹ ìsọmọlórúkọ tò, àwọn ìyàwó ilé lé e jáde. Àìsàn kídìnrín dé sí i ní 1997. Ó ń gba ìtọ́jú, ó ń lọ síbi iṣẹ́, títí ó fi jẹ́ ìpè Ọlọ́hun ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Ikú yìí dùn wá dọ́kàn.

Ó fi ìyá rẹ̀ sáyé, àti Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀; àwọn ọmọ, Haleem, Mariyah, Ganiat àti Ọpẹ́yẹmí; àti ọmọọmọ méjì. Àwa ẹbí sì ka àwọn mẹ́rìnlá yẹn mọ́ àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti kúrò ní ìlà nínú wọn, ọjọ́ ogbó ló mú un kúrò. Àwọn yòókù toro àyè wá síbí lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ wọn lọ́wọ́ báyìí.

Àrẹ̀mú, ìlà kò dúró. Máa sùn ní àlàáfíà, kí Ọlọ́hun fi Àljánnà ṣe ilé rẹ. Àmín.